Ẹni Tó Ń La Ọ̀nà Kì Í Mọ̀ Pé Ẹ̀yìn Òun Wọ́: Èrò Wa Lórí Àká Kóòdù àti Àyẹ̀wò Iṣẹ́ ní Iléeṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kì í ṣe àjèjì mọ́ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá. Orí rẹ̀ ni a ti ń tẹ ìwé, òun ni a fi ń ṣe àkójọ èsì ìdánwò, òun náà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa sì fi ń ka ìwé tí kò sí ní yàrá ìkàwé. Síbẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwa tí a ń kọ́ èdè ló máa ń ronú nípa àwọn tó ń kọ ohun tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Òǹkọ̀wé ni àwọn náà bíi tiwa. Ìlà kan ni wọ́n ń kọ tẹ̀lé òmíràn, wọ́n ń pa á rẹ́, wọ́n ń tún un kọ. Kóòdù ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ń kọ, ìyẹn àkójọ àṣẹ tí ènìyàn kọ kalẹ̀ fún ẹ̀rọ láti tẹ̀ lé ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Ní iléeṣẹ́ ńlá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lè máa kọ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo, láìjẹ́ pé ẹnì kan ń pa iṣẹ́ ẹnì kejì rẹ́.

Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dá sí ni èyí: báwo ni ó ṣe yẹ kí irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa tọ́jú kóòdù rẹ̀, ta ni ó sì yẹ kí ó máa yẹ iṣẹ́ ta ni wò? Èrò wa ni pé ibi ìtọ́jú, bí ó ti wù kí ó dára tó, kò lè gba iléeṣẹ́ lọ́wọ́ àṣìṣe bí kò bá sí òfin pé iṣẹ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé láìjẹ́ pé ojú kejì tó mọ iṣẹ́ náà ti kà á. Òfin yìí gbọdọ̀ de ọ̀gá gẹ́gẹ́ bí ó ṣe de ọmọṣẹ́. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Kì í ṣe pé ẹni náà kò mọ ọ̀nà í là. Iwájú ni ó kọjú sí. A ó gbé ẹ̀rí kalẹ̀ láti inú ìṣẹ̀lẹ̀ tó ṣẹ̀ ní gbangba, a ó dá àwọn alátakò lóhùn, a ó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kan èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n.

Ohun tí àká kóòdù jẹ́

Inú àká ni àgbẹ̀ ń kó ọkà sí lẹ́yìn ìkórè. A yá ọ̀rọ̀ yìí lò fún ibi tí iléeṣẹ́ ń kó kóòdù sí. Ṣùgbọ́n àká kóòdù ní àbùdá kan tí àká ọkà kò ní: ohunkóhun tó bá ti wọ inú rẹ̀ kì í nù. Bí ẹnì kan bá yí ìlà kan padà lónìí, àká yóò pa ìlà àtijọ́ mọ́, yóò pa tuntun mọ́, yóò sì kọ orúkọ ẹni tó yí i padà, ọjọ́ àti wákàtí tó ṣe é, àti ìdí tí ẹni náà fi sọ pé òun ṣe é. Nítorí náà, bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ lọ́la, a lè padà sí ti àná, a sì lè mọ ibi tí ìbàjẹ́ náà ti wọlé.

Irú àká báyìí ti pẹ́. Ní 1972 ni Marc Rochkind ṣe SCCS ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà. Walter Tichy gbé RCS jáde ní Yunifásítì Purdue ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. CVS tẹ̀ lé e, Subversion sì bẹ̀rẹ̀ ní 2000. Èyí tó gbilẹ̀ jù lọ lónìí ni Git, tí Linus Torvalds kọ ní oṣù kẹrin ọdún 2005. Torvalds yìí ló bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991. Òun àti àwọn alájọṣiṣẹ́ rẹ̀ ń lo ẹ̀rọ ìtọ́jú kan tí à ń pè ní BitKeeper, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó ni ín gba àǹfààní ìlò ọ̀fẹ́ kúrò lọ́wọ́ wọn, ó jókòó láti kọ tirẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni Git ti ń tọ́jú kóòdù ara rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún náà ni ó fa iṣẹ́ náà lé Junio Hamano lọ́wọ́, tí ìyẹn sì ń bá a lọ.

Ọ̀nà tí Git ń gbà ṣiṣẹ́ rọrùn láti ṣàlàyé. Olúkúlùkù òṣìṣẹ́ ní ẹ̀dà gbogbo àká náà, pẹ̀lú ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Bí ó bá fẹ́ ṣe àtúnṣe, yóò ya ẹ̀ka kan láti ara igi àjọni. Orí ẹ̀ka yìí ni yóò ti ṣe gbogbo ìdánwò rẹ̀ láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nígbà tí iṣẹ́ bá pé, yóò bẹ̀bẹ̀ pé kí a da ẹ̀ka òun pọ̀ mọ́ igi. Ibi ìbẹ̀bẹ̀ yìí gan-an ni àyẹ̀wò ti ń wáyé, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Àwọn iléeṣẹ́ ńlá kò fẹnu kò lórí iye àká tó yẹ kí a ní. Inú àká kan ṣoṣo ni Google kó èyí tó pọ̀ jù nínú kóòdù rẹ̀ sí. Nínú àpilẹ̀kọ tí Rachel Potvin àti Josh Levenberg kọ ní 2016, wọ́n ṣàlàyé pé nǹkan bí bílíọ̀nù 2 ìlà kóòdù ló wà nínú àká náà nígbà yẹn, nínú mílíọ̀nù 9 fáìlì, àti pé òṣìṣẹ́ tó lé ní 25,000 ló ń lò ó. Microsoft náà kó Windows bọ́ sínú Git ní 2017: nǹkan bí mílíọ̀nù 3.5 fáìlì, tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 300 gigabyte, tí òṣìṣẹ́ bí 4,000 sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn gbà pé kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àká tirẹ̀. Lójú tiwa, iye àká kọ́ ni kókó. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà àká ni kókó. Àgbẹ̀ tó ní àká mẹ́wàá tí kò yẹ ọkà wò kí ó tó kó o wọlé, kòkòrò ni yóò bá nínú gbogbo wọn.

Bí àyẹ̀wò ṣe ń lọ

Àyẹ̀wò kóòdù kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní 1976, Michael Fagan ti iléeṣẹ́ IBM kọ nípa ìlànà kan tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò fi pàdé nínú yàrá, tí olúkúlùkù yóò ti ka kóòdù náà sílẹ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, tí wọn yóò sì jọ tọ́ka àṣìṣe inú rẹ̀. Ìlànà náà mú èso wá, ṣùgbọ́n ó ń gba àkókò púpọ̀. Ti òde òní fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òǹkọ̀wé yóò fi àtúnṣe rẹ̀ ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, yóò kọ àlàyé ohun tó ṣe àti ìdí tó fi ṣe é. Ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ dán an wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, òǹkàwé kan, tàbí méjì, yóò kà á ní ìlà-ìlà, yóò sì kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà tó bá rú u lójú. Òǹkọ̀wé yóò fèsì tàbí kí ó tún un ṣe. Ìgbà tí òǹkàwé bá fọwọ́ sí i ni yóò tó wọlé.

Ní Google, àpò kọ̀ọ̀kan nínú àká ní olówó, ìyẹn àwọn tí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pé àwọn ló mọ apá ibẹ̀ dáadáa. Àtúnṣe kò lè wọ ibẹ̀ bí ọ̀kan nínú wọn kò bá fọwọ́ sí i. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó mọ ìlànà ìkọ̀wé èdè kọ̀ǹpútà tí a lò gbọdọ̀ jẹ́rìí pé a kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí wé àkọtọ́ Yorùbá: ó ṣeé ṣe kí gbólóhùn ní ìtumọ̀ síbẹ̀ kí ó má bá ìlànà àkọtọ́ mu. Google kò fi ọ̀kan ṣe èkejì. Ó ní kí a yẹ méjèèjì wò.

Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2018 lórí àyẹ̀wò ní Google fi hàn pé ìlà 24 péré ni ìwọ̀n àtúnṣe tó bọ́ sí àárín, pé àyẹ̀wò tó bọ́ sí àárín kì í tó wákàtí mẹ́rin kí ó tó parí, àti pé òǹkàwé kan ṣoṣo ló ń ka èyí tó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn àtúnṣe náà. Ní 2013 ẹ̀wẹ̀, Alberto Bacchelli àti Christian Bird ṣe ìwádìí ní Microsoft. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ sọ pé àwọn ń retí jù lọ nínú àyẹ̀wò ni rírí àṣìṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí a wo ohun tó ń tinú rẹ̀ jáde, àṣìṣe tó ń hàn kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe rò. Ìmọ̀ tó ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, òye ohun tí ẹlẹgbẹ́ ń ṣe, àti ọ̀nà tó sàn jù láti yanjú ìṣòro wà lára èrè rẹ̀. Olùkọ́ ni yóò tètè lóye èyí. Bí olùkọ́ àgbà bá jókòó sẹ́yìn kíláàsì láti wo akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ sí kíka àṣìṣe. Àwọn méjèèjì ló ń kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ́.

Ẹ̀rí láti inú ìṣẹ̀lẹ̀

Ìṣẹ̀lẹ̀ àkọ́kọ́ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ti Apple. Ní oṣù kejì ọdún 2014, iléeṣẹ́ náà sáré gbé àtúnṣe jáde fún tẹlifóònù rẹ̀. Ohun tó fà á ni ìlà kan ṣoṣo, «goto fail;», tó túmọ̀ sí pé kí ẹ̀rọ fò lọ sí ìparí iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ló yẹ kí ìlà yìí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó hàn lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Nítorí èyí, ẹ̀rọ ń fo àyẹ̀wò tó yẹ kí ó fi mọ̀ bóyá ẹni tó wà ní òdìkejì íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹni tó pe ara rẹ̀. Ẹlẹ́tàn tó bá wà láàárín ọ̀nà lè ṣe bí báńkì tàbí bí ilé ìtajà. Àṣìṣe náà ti wà níbẹ̀ láti 2012. Ẹ̀rọ kò kọ̀ ọ́, nítorí pé kò rú òfin gírámà èdè kọ̀ǹpútà náà. Ènìyàn tó bá fara balẹ̀ kà á ni yóò béèrè pé: kí ni èkejì ń ṣe níbí?

Ìṣẹ̀lẹ̀ kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Knight Capital jẹ́ iléeṣẹ́ tó ń rà, tó sì ń ta ìpín-ìdókòwò ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2012, wọ́n fẹ́ lo kóòdù tuntun. Kọ̀ǹpútà ńlá mẹ́jọ ló yẹ kí wọ́n gbé e sí, ṣùgbọ́n méje ni òṣìṣẹ́ gbé e sí. Kóòdù àtijọ́ kan, tí wọ́n ti dáwọ́ ìlò rẹ̀ dúró láti 2003, ṣì wà nínú ìkẹjọ, kóòdù tuntun sì tún ń lo àmì kan náà tó máa ń jí ti àtijọ́ yìí. Bí ọjà ṣe ṣí, òkú jí. Láàárín ìṣẹ́jú 45, ẹ̀rọ náà ti ṣe ìdúnàádúrà tó lé ní mílíọ̀nù 4, iléeṣẹ́ náà sì pàdánù owó tó lé ní mílíọ̀nù 460 dọ́là. Kí ọjà tó ṣí ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ímeèlì 97 ti wọlé tó ń tọ́ka sí àṣìṣe náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọbi ara sí wọn. Nígbà tí SEC, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìpín-ìdókòwò ní Amẹ́ríkà, gbé ìdájọ́ rẹ̀ jáde ní 2013, tó sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 12 dọ́là lé wọn, ó tọ́ka sí i pé iléeṣẹ́ náà kò ní ìlànà tó ní kí òṣìṣẹ́ kejì yẹ ohun tí ti àkọ́kọ́ gbé sórí ẹ̀rọ wò. Ojú kejì kan péré ni ó wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ìkẹta kò ti ọwọ́ àìmọ̀ọ́mọ̀ wá. Ètò kékeré kan wà tó ń jẹ́ xz, tó ń fún fáìlì pọ̀ kí ó lè kéré, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà Linux káàkiri àgbáyé sì ń lò. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ẹlòmíràn kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan wá ń ràn án lọ́wọ́. Ó ṣe iṣẹ́ rere fún ohun tó lé ní ọdún méjì, láàárín èyí tí a fún un ní àṣẹ àká. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ni ó gbé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan pamọ́ sínú ètò náà, èyí tí olè lè gbà wọlé. Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft kan, ló tú u fó ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún náà, nítorí pé ó ṣàkíyèsí pé ìwọlé sórí kọ̀ǹpútà ń fi nǹkan bí ìlàjì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà nínú èyí. Èkínní, ibi tí ẹnì kan bá ti ń dá ṣọ́ àká, kò sí àyẹ̀wò níbẹ̀, àánú ló wà níbẹ̀. Èkejì, apá kan lára ohun búburú náà kò sí nínú àká rárá. Inú ìdì tí wọ́n pín fún àwọn aráàlú ni ó wà. Nítorí náà, kò tó kí a yẹ ohun tó wọ àká wò. Ó gbọdọ̀ dá wa lójú pé ohun tó ti inú àká jáde ni a kó lọ sọ́jà.

Èsì sí àwọn alátakò

Àwọn kan ní àyẹ̀wò ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. A ti rí àtúnṣe tó ń dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́nu ọ̀nà títí tí olówó rẹ̀ fi gbàgbé ohun tó kọ. Ṣùgbọ́n èyí tó ń pẹ́ jù ni èyí tó tóbi jù. Bí ẹnì kan bá gbé ìlà 3,000 síwájú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ni yóò ṣẹlẹ̀: ẹlẹgbẹ́ náà yóò sá fún un, tàbí kí ó fọwọ́ sí i láìkà á. Ìlà 24 tí a mẹ́nu bà lókè ṣàlàyé ìdí tí ti Google fi ń yá. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ kí àyẹ̀wò yá, kí ó kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti máa gé iṣẹ́ wọn sí wẹ́wẹ́, kí ó sì ka kíka iṣẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ mọ́ iṣẹ́ tí ó ń sanwó fún.

Àtakò kejì jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kì í sábà jáde lẹ́nu. Òun ni ọ̀rọ̀ ipò. Ẹni tó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ lè rò pé àbùkù ni kí ọmọ tó dé lánàá máa tọ́ka sí ìlà tí òun kọ. Ọmọ náà lè mọ̀ pé ìlà náà kò dára, kí ó sì dákẹ́ nítorí ẹ̀rù. Ibi tí èyí bá ti ṣẹlẹ̀, àyẹ̀wò ti di òǹtẹ̀ lásán. Àwọn kan máa ń sọ pé àṣà wa, tó gbé ọ̀wọ̀ àgbà ga, kò lè gba irú èyí láyè. A kò fara mọ́ èrò yìí. Yorùbá kan náà tó ní kí á bọ̀wọ̀ fún àgbà ló ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òun náà ló ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọ̀wọ̀ wà nínú bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Kò sí nínú kí a fi òtítọ́ pamọ́. Ọmọṣẹ́ lè kọ ọ́ pé, «Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ níhìn-ín bí fáìlì náà bá ṣófo?» Ó ti bọ̀wọ̀, ó sì ti gba iléeṣẹ́ là.

Àwọn mìíràn ní ẹ̀rọ ti ń dán kóòdù wò, ẹ̀rọ tilẹ̀ ti ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀ báyìí, kí ni a tún ń fi ojú ènìyàn ṣe? Láti 2021 tí GitHub ti gbé Copilot jáde ni ẹ̀rọ tó ń kọ kóòdù ti ń pọ̀ sí i. Ìdáhùn wa ni pé èyí sọ àyẹ̀wò di ọ̀ranyàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ lè kọ ẹgbẹ̀rún ìlà ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́jọ́. Bí owó àwọn oníbàárà bá nù, ènìyàn ni a óò pè síwájú adájọ́. Ẹni tó bá ti orúkọ rẹ̀ mọ́ àtúnṣe kan nínú àká ti sọ pé òun yé ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí kò bá yé e, kí ó má tì í wọlé, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ ló kọ ọ́, ìbáà jẹ́ òun.

Èdè ìbáwí àti èdè àlàyé

Ó kù ohun kan tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kì í fún ní àkókò tó, tó sì jẹ́ iṣẹ́ àwa olùkọ́ èdè: ọ̀rọ̀ tí a ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ bíi «èyí kò dára» kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ bíi «ṣé o kò mọ̀ pé…» kúrò lórí iṣẹ́, ó bọ́ sórí ènìyàn. Òǹkàwé tó mọṣẹ́ yóò sọ ohun tó rí, yóò sọ ìdí tó fi kà á sí ìṣòro, yóò sì dábàá ọ̀nà àbáyọ. Yóò tún fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ohun tó gbọdọ̀ yí padà àti ohun tó wu òun lásán.

Ti òǹkọ̀wé náà wà níbẹ̀. Àlàyé tó bá àtúnṣe wọlé ni àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò kà nígbà tí òǹkọ̀wé bá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. «Mo tún un ṣe» kì í ṣe àlàyé. Kóòdù ti sọ ohun tí a ṣe. Ìdí tí a fi ṣe é ni kóòdù kò lè sọ. Ìdí yìí ló ń sọ àká di ìtàn, tí kì í fi í ṣe òkìtì lásán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan èdè Yorùbá

Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí à ń rí lójú tẹlifóònù àti kọ̀ǹpútà, inú àká kan ló ti jáde, ẹnì kan ló sì fọwọ́ sí i kí ó tó wọlé. Ṣé ẹni náà gbọ́ Yorùbá? Bí òǹkàwé kò bá gbọ́ èdè náà, ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ kò yàtọ̀ lójú rẹ̀. Kóòdù lè péye, kí ẹ̀rọ dán an wò kí ó yege, kí ọ̀rọ̀ tí aráàlú yóò kà sì jẹ́ ìsọkúsọ.

Ìṣòro tó fara pamọ́ ju èyí lọ tún wà. Nínú ìlànà Unicode, tí kọ̀ǹpútà gbogbo fi ń tọ́jú lẹ́tà, é ní nọ́ńbà kan tirẹ̀, ẹ náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A lè fi ẹ pẹ̀lú àmì ohùn òkè kọ ọ́, a lè fi é pẹ̀lú àmì abẹ́ kọ ọ́, a sì lè to e àti àmì méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú àká, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bí ènìyàn méjì bá jọ ń ṣiṣẹ́ lórí àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, tí olúkúlùkù sì ń tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀, àká yóò máa sọ pé ìlà yí padà níbi tí ojú kò ti rí ìyípadà kankan, ẹni tó bá wá ọ̀rọ̀ kò sì ní í rí i. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí ẹgbẹ́ yan ọ̀nà kan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀rọ sì máa yí gbogbo ohun tó bá wọlé sí ọ̀nà náà.

Èyí ló mú kí á sọ pé ìlànà olówó-àpò tí Google ń lò fún kóòdù yẹ kí ó kan èdè pẹ̀lú. Iléeṣẹ́ tó bá ń kọ Yorùbá fún aráàlú gbọdọ̀ ní ẹni tó kọ́ èdè náà lára àwọn tí ìbuwọ́lù wọn jẹ́ dandan. Àǹfààní iṣẹ́ ni èyí jẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ṣùgbọ́n kò lè tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ bí wọn kò bá mọ ohun tí àká jẹ́ àti bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn. Kò dìgbà tí wọ́n bá mọ kóòdù kọ. A lè bẹ̀rẹ̀ nínú kíláàsì: kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin jọ kọ ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, kí ẹnikẹ́ni má fi ìpínrọ̀ kún un láìjẹ́ pé ẹlòmíràn kà á tó sì buwọ́ lù ú, kí wọ́n sì máa kọ ìdí àtúnṣe kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe èyí fún sáà ẹ̀kọ́ kan ti mọ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí pé àká kóòdù ń ran iléeṣẹ́ lọ́wọ́ láti rántí, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ló ń ràn án lọ́wọ́ láti ronú. Apple, Knight Capital àti xz fi hàn pé àṣìṣe kékeré, ìgbésẹ̀ tí ojú kejì kò rí, àti ìgbẹ́kẹ̀lé tí kò ní ẹlẹ́rìí lè kó iṣẹ́ ńlá sínú ewu. Àbá wa kò pọ̀. Kí àtúnṣe kéré tó ohun tí ènìyàn lè kà tán. Kí ẹni tó mọ apá ibẹ̀ jẹ́ ẹni tí yóò kà á, ìbáà ṣe kóòdù, ìbáà ṣe èdè. Kí òfin náà má yọ ọ̀gá sílẹ̀. Kí ohun tó jáde sọ́jà jẹ́ ohun tó wà nínú àká. Kí ọ̀rọ̀ tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń kọ́ni.

Àwa olùkọ́ ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kí kọ̀ǹpútà tó dé, pẹ̀lú yíǹkì pupa àti ìwé àjákọ. Ohun tó kù ni kí á jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀ pé ọgbọ́n kan náà ni wọ́n ń wá ní iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kí á sì máa gbé iṣẹ́ tiwa náà síwájú ojú kejì kí ó tó jáde. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.